Charles Dotter: ẹni tó la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ láì lo ọ̀bẹ

Ẹni tó bá ń gbé lórí ilẹ̀ gíga Kétu mọ ohun tí wàhálà omi jẹ́. Omi jìnnà sí ojú ilẹ̀. Bí a bá gbẹ́ kànga, a ní láti gbẹ́ ẹ jìn. Bí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò bá dúró, a ó fi òrùka sìmẹ́ǹtì tì í, kí ó má baà wó dí ojú omi. Bí òrùka náà bá lágbára, tí a sì tò ó dáadáa, kànga yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn òrùka bá yẹ̀ kúrò lórí èkejì, iyẹ̀pẹ̀ yóò máa rọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, omi yóò sì di àwátì.

Ohun kan wà tí wọ́n ń fi sínú ara ènìyàn, tó jọ òrùka kànga yìí. Orúkọ rẹ̀ ni stẹ́ǹtì. Irin kékeré ni, ó rí roboto, inú rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ sì kún fún ihò. Àwọn dókítà ń fi í sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dí, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló ń rìn, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń tọ́ ọmọ wọn lónìí nítorí irin kékeré yìí.

Ìtàn ọkùnrin tó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà ni a fẹ́ sọ fún yín. Charles Dotter ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kú láti ọdún 1985. Ìtàn rẹ̀, àti ìtàn irin tó fi sílẹ̀ sẹ́yìn, yóò fi ohun kan hàn wá: kì í ṣe pé a fi irin sínú ara nìkan ló ṣe pàtàkì. Bí a ṣe rọ irin náà ló ń sọ bóyá yóò dúró gẹ́gẹ́ bí a ṣe fi í sí, tàbí yóò wọ́ lẹ́yìn náà.

Ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1920 ni wọ́n bí Charles Dotter ní ìlú Boston, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn ẹ̀rọ. Bí ó bá rí ohun èlò kan, yóò fẹ́ tú u, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní àdúgbò wa náà. Nígbà mìíràn à ń bá wọn wí pé wọ́n ń ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wo inú ẹ̀rọ lónìí lè jẹ́ ojú tí yóò wo inú ara ènìyàn lọ́la.

Dotter lọ sí yunifásítì Duke, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1941. Lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì Cornell, ó sì di dókítà ní ọdún 1944. Ó fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Pamela, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí.

Oríṣi dókítà tí Dotter jẹ́ yẹ kí a ṣàlàyé. Kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Ọ̀kan ni nínú àwọn dókítà tó ń ya àwòrán inú ara, èyí tí àwa ní Benin ń pè ní rédíò. Ní ayé ìgbà náà, iṣẹ́ irú dókítà bẹ́ẹ̀ ni láti ya àwòrán, kí ó sọ ibi tí àìsàn wà, kí ó sì fi aláìsàn lé oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún ohunkóhun ṣe.

Ní ọdún 1952, wọ́n fi Dotter ṣe olórí ẹ̀ka àwòrán inú ara ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Oregon, ní ìlú Portland. Ọmọ ọdún 32 péré ni. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú.

Ohun tó ṣèèṣì rí

Láti ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn dókítà máa ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú ihò kékeré wọ inú iṣan. Rọ́bà náà ní ihò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kátẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Wọn yóò gba inú rẹ̀ rọ oògùn kan sínú ẹ̀jẹ̀, oògùn náà yóò sì jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn lórí àwòrán, bí ìgbà tí ènìyàn da omi aláró sínú odò kí ó lè mọ ibi tó ń ṣàn gbà.

Ní ọdún 1963, Dotter ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún aláìsàn kan. Iṣan ńlá kan ní ìsàlẹ̀ ikùn aláìsàn náà ti dí. Bí Dotter ṣe ń ti kátẹ́tà lọ sókè, ó rí i pé kátẹ́tà náà la ibi tó dí já. Kò gbèrò rẹ̀, ó ṣèèṣì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn ìbá gbàgbé, Dotter mú un lọ sílé rò. Bí rọ́bà yìí bá lè kọjá níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò lè kọjá, ṣé a kò lè fi ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1963 kan náà, ó lọ sí ìpàdé àwọn dókítà ní ìlú Karlovy Vary, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Czechoslovakia nígbà náà. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé kátẹ́tà kò yẹ kí ó jẹ́ ohun ìwòran nìkan, pé ó lè di ohun èlò ìwòsàn. Kò tíì dán an wò lára aláìsàn nígbà náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àyè ṣí sílẹ̀.

Ìyá àgbà tó kọ̀ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun

Ìyá àgbà kan, ẹni ọdún 82, wà ní ilé ìwòsàn ní Portland. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ náà ní egbò tí kò jinná, ìka rẹ̀ sì ti ń jẹrà. Ìrora rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ sọ fún un pé ó di dandan kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ìyá àgbà náà kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ipò tó wà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè pa á. Bí wọ́n bá gé e, kò ní lè dá rìn mọ́. Nígbà tí kò gbà fún wọn, oníṣẹ́ abẹ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kí Dotter wò ó. Dotter ya àwòrán iṣan náà. Ó rí i pé ojú kan péré ni iṣan itan rẹ̀ ti fún, ibẹ̀ kò sì gùn.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 1964, Dotter fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ibi tó fún náà kọjá. Ó wá ti kátẹ́tà gba orí wáyà yẹn. Lẹ́yìn èyí, ó ti kátẹ́tà mìíràn tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ gba orí rẹ̀. Báyìí ni ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ sí i, bí ìgbà tí a kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lu ihò sára awọ, tí a wá fi ìṣó tó tóbi fẹ ojú rẹ̀. Kò sí ọ̀bẹ. Wọn kò kun ìyá àgbà náà lóorun.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti tutù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìrora náà lọ. Egbò rẹ̀ jinná. Ìyá àgbà náà fi ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ rìn kúrò ní ilé ìwòsàn. Ó lo ọdún méjì àti ààbọ̀ sí i kí ó tó kú. Àìsàn mìíràn ló pa á, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí Dotter ṣí kò sì padà dí títí di ọjọ́ ikú rẹ̀.

Àwọn tó fi ṣe yẹ̀yẹ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1964, Dotter àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́, Melvin Judkins, kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn jáde. Ènìyàn ìbá rò pé gbogbo Amẹ́ríkà yóò pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ rò pé Dotter ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn rò pé orí rẹ̀ kò pé. Wọ́n sọ ọ́ ní Charlie Asínwín. Oníṣẹ́ abẹ kan fi aláìsàn ránṣẹ́ sí i, ó sì kọ ọ́ sórí ìwé pé àwòrán nìkan ni kí ó yà, kí ó má ṣe dán an wò láti tún un ṣe.

Dotter kò jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú irinṣẹ́ tó nílò. Nítorí náà, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Okùn gìtá ló fi ṣe wáyà. Ó lo okùn irin tó máa ń wà nídìí aago tí ń ka eré ọkọ̀. Ó fi iná yọ́ rọ́bà kí ẹnu rẹ̀ lè mú. Ní ọdún 1963, ní ìpàdé àwọn dókítà ní Chicago, ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta wáyà àti kátẹ́tà tó fọwọ́ ṣe. Bill Cook ni orúkọ rẹ̀. Dotter yá ohun èlò iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi òru kan ṣe kátẹ́tà nínú yàrá ilé ìtura tó dé sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Cook tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀, ó sì tà wọ́n. Ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ Cook sì di ńlá.

Wòlíì kì í ní ọlá nílé. Àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà Dotter tọwọ́tẹsẹ̀. Ní Jámánì, wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe iṣẹ́ náà. Dókítà kan tí wọ́n bí ní Jámánì, Andreas Grüntzig, kọ́ ọ, ó sì fi ohun kan kún un. Ó so bàlóònù kékeré kan mọ́ ẹnu kátẹ́tà. Bí kátẹ́tà bá dé ibi tó fún, wọn yóò fẹ́ bàlóònù náà, bàlóònù yóò sì ti ẹ̀gbẹ́ iṣan sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, ní ìlú Zürich, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, Grüntzig fi bàlóònù ṣí ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn. Ẹni ọdún 38 ni aláìsàn náà.

Ọkàn ló ń ta ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà nílò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Àwọn iṣan tó ń fún un kò tóbi. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bí ọ̀kan bá dí pátápátá, apá kan ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Grüntzig fi ya ayé lẹ́nu.

Ìṣòro tó kù

Bàlóònù ní àléébù kan. Bí wọ́n bá ti tú ohun inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò, ẹ̀gbẹ́ iṣan lè rọ́ padà. Ẹ fi ọwọ́ fẹ ẹnu rọ́bà kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀: yóò padà sí bó ṣe wà. Nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ iṣan á ya, á sì dí ọ̀nà lójijì. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ara tuntun á hù sí ojú ibẹ̀, ọ̀nà á sì tún fún.

Dotter ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Ó rí i pé ó yẹ kí ohun kan wà tí yóò dúró nínú iṣan láti gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, bí òrùka ṣe ń gbé ẹ̀gbẹ́ kànga. Lára ajá ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Ó fi ọ̀pá rọ́bà tí ara rẹ̀ dí, tí kò ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, sínú iṣan ẹsẹ̀ wọn. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi dì sínú àwọn ọ̀pá náà, tí wọ́n sì dí.

Dotter kò jù ú sílẹ̀. Ó yí bí nǹkan náà ṣe rí padà. Dípò ọ̀pá tó dí lára, ó mú wáyà irin tí kì í dípẹtà, ó ká a bíi sípíríǹgì, àlàfo sì wà láàárín ìká kan àti èkejì. Ní ọdún 1969, ó kọ ọ́ jáde pé àwọn kan nínú irin tí òun ká yìí ṣì wà ní ṣíṣí nínú iṣan ajá lẹ́yìn ohun tó ju ọdún méjì lọ. Ibi kan náà ni wọ́n fi ọ̀pá àti sípíríǹgì sí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì rán wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó dí lára kú, èyí tó ní àlàfo yè. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní ọdún 1983, ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Ó lo irin kan tí wọ́n ń pè ní nítínọ́ọ̀lù, tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì àti títáníọ́ọ̀mù pò. Irin yìí ní ìwà àrà kan: ó máa ń rántí bó ṣe rí. Bí a bá ti fi iná kọ́ ọ ní ìrísí kan, a lè nà án títí yóò fi di tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó lè kọjá nínú kátẹ́tà. Bí ooru bá sì kàn án, yóò padà sí ìrísí tí a kọ́ ọ. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, Dotter pe irin náà ní stẹ́ǹtì. Orúkọ onísẹ́ eyín kan ni, Charles Stent, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó pò ohun kan tó ń fi mú ìrísí eyín, àwọn dókítà mìíràn sì padà ń lò ó láti gbé ẹran ara dúró sí ààyè rẹ̀.

Òkè àti àìsàn

Lẹ́yìn iṣẹ́, ohun tí Dotter fẹ́ràn jù ni kí ó gun òkè. Ó gun ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè Amẹ́ríkà tó ga ju mítà 4,200 lọ. Àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hodgkin kọlù ú, wọ́n tọ́jú rẹ̀, kò sì yéé gun òkè. Nígbà tó yá, iṣan ọkàn tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n la àyà rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá bí a ó ṣe ṣí iṣan láì lo ọ̀bẹ, ọ̀bẹ ni wọ́n fi tọ́jú òun fúnra rẹ̀, nítorí irin tó ń wá náà kò tíì délé.

Ní ọdún 1978, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn. Kò gbà á. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì ọdún 1985, ó kú ní Portland. Ẹni ọdún 64 ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú Grüntzig, òun náà sì kú.

Irin náà wọ inú ọkàn ènìyàn

Ọdún kan péré lẹ́yìn ikú Dotter ni stẹ́ǹtì dé iṣan ọkàn. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1986, ní ìlú Toulouse, ní ilẹ̀ Faransé, Dókítà Jacques Puel fi àkọ́kọ́ sí i. Láìpẹ́ sí i, Dókítà Ulrich Sigwart ṣe tirẹ̀ ní Lausanne. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi irin ti ń jáde. Ibí ni ẹ̀kọ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò pẹ́ tó fi hàn pé bí wọ́n ṣe rọ wọ́n yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń hùwà nínú ara yàtọ̀.

Oríṣi kìíní ni èyí tí wọ́n hun bí àgò adìyẹ. Ẹ ti mọ àgò: bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí a sì fi í sílẹ̀, yóò padà sí bó ṣe wà. Irú stẹ́ǹtì yìí máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fẹ̀ ni gígùn rẹ̀ ń dín, nítorí náà kò rọrùn láti mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò dúró sí gan-an.

Oríṣi kejì ni irin tí a ká, bí ti Dotter ní ọdún 1969. Ó rọ̀, ó sì ń tẹ̀lé kọ́rọ̀ iṣan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi bàlóònù fẹ̀ ẹ́, ó máa ń rọ́ padà díẹ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Ẹran ara sì lè gba àárín ìká rẹ̀ yọ wọlé. Wọ́n lò ó ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1993, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Oríṣi kẹta ni ọ̀pá irin tí wọ́n gé ihò sí lára. Julio Palmaz, dókítà ọmọ ilẹ̀ Argentina, ló gbé èyí jáde. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Grüntzig ní ìpàdé kan ní New Orleans ní ọdún 1978, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ohun tó là á lójú ni páànù irin onífèrèsé kan, irú èyí tí àwọn tó ń rẹ́ ògiri máa ń lò. Stẹ́ǹtì Palmaz kì í ṣí fúnra rẹ̀. Bàlóònù ló ń fẹ̀ ẹ́, yóò sì dúró síbi tí a bá fẹ̀ ẹ́ dé, bí agolo tí a tẹ̀ ṣe ń dúró ní títẹ̀. Ní ọdún 1994, ìwádìí ńlá méjì, ọ̀kan ní Yúróòpù, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé iṣan tí wọ́n fi irú stẹ́ǹtì yìí sí kì í tún fún tó èyí tí wọ́n fi bàlóònù nìkan ṣí. Ṣùgbọ́n irin náà le. Kò fẹ́ gba kọ́rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2011

Àwọn tó ń ṣe stẹ́ǹtì wá ń wá bí yóò ṣe rọ̀, tí yóò sì tún lágbára. Wọ́n ṣe é bí òrùka kéékèèké tí a tò tẹ̀léra, tí irin tín-ín-rín sì so wọ́n pọ̀. Òrùka ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ iṣan dúró. Ìsopọ̀ ló ń pa àlàfo àárín òrùka mọ́. Bí ìsopọ̀ bá pọ̀, stẹ́ǹtì yóò le, kò ní ṣẹ́ kọ́rọ̀. Bí ìsopọ̀ bá dín, yóò rọ̀, yóò sì rọrùn láti tì dé ibi tó jìnnà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín ìsopọ̀ náà kù. Wọ́n tún ń sọ irin náà di tẹ́ẹ́rẹ́, títí tí kò fi nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Gbogbo ènìyàn yọ̀ sí i.

Ní ọdún 2011, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa ohun kan tí wọn kò retí. Wọ́n ti fi stẹ́ǹtì sí ààyè rẹ̀. Ó dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ti bàlóònù tàbí kátẹ́tà mìíràn wọlé, ohun èlò náà kọ́ ẹnu stẹ́ǹtì, ó sì tì í. Àwọn òrùka náà wá kó jọ sí ojú kan, bí ara dùùrù ọlọ́wọ́ tí a pa dé. Níbì kan irin ti gun orí ara wọn, wọ́n sì yọ sí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Níbòmíràn àlàfo ṣí sílẹ̀, kò sì sí ohun tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ iṣan dúró mọ́.

Ẹ rántí òrùka kànga wa tó yẹ̀. Níbi tí irin bá ti yọ sí ojú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́ ọn. Níbi tí àlàfo bá ṣí, iṣan lè tún fún. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò wọ́pọ̀. Bí dókítà bá tètè rí i, ó lè fi bàlóònù tún un tò, tàbí kí ó fi stẹ́ǹtì mìíràn tì í lẹ́yìn. Bí kò bá rí i, ẹ̀mí lè lọ sí i.

Àwọn olùwádìí gbé stẹ́ǹtì oríṣiríṣi sórí tábìlì, wọ́n sì fi agbára kan náà tẹ̀ wọ́n láti orí. Èyí tí ìsopọ̀ rẹ̀ kéré ló kọ́kọ́ wó. Èyí tí ìsopọ̀ rẹ̀ pọ̀ dúró dáadáa jù. Ohun tí wọ́n yọ kúrò kí irin lè rọ̀, òun gan-an ni kò jẹ́ kí ó wó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èyí hàn, ilé iṣẹ́ kan fi ìsopọ̀ kún ẹnu stẹ́ǹtì rẹ̀, níbi tí ohun èlò ti máa ń kọ́ ọ, ó sì fi ara rẹ̀ yòókù sílẹ̀ ní rírọ̀. Àwọn dókítà náà kọ́ láti máa rọra, kí wọ́n sì máa wo ẹnu irin náà dáadáa kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

Ọkàn ènìyàn ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́. Ìgbàkúùgbà tó bá lù, iṣan rẹ̀ ń tẹ̀, ó sì ń nà, stẹ́ǹtì tó wà nínú rẹ̀ náà sì ń bá a tẹ̀. Iṣẹ́ stẹ́ǹtì kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i. Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí wọ́n fi stẹ́ǹtì sí lára kò fi gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àfi bí dókítà rẹ̀ bá ní kí ó dá a dúró. Bí àyà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kí ó má ṣe dúró dìgbà tí ilẹ̀ yóò mọ́. Kí ó tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ní ọdún 1990, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ ní Portland, wọ́n sì fi orúkọ Dotter pè é. Ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ kò sí lára ògiri nìkan. Ó wà nínú gbogbo aláìsàn tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kejì, tí wọn kò la àyà rẹ̀. Ó sì wà nínú ìwà kan tó fi kọ́ àwọn tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ àkọ́kọ́ dí, kò sọ pé ara ajá kò dára, kò sì sọ pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe. Ó padà wo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì tún un rọ. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2011. Bí òrùka kànga bá yẹ̀, ẹni tó gbọ́n kì í bú omi. Òrùka ni yóò lọ wò.